Bí Ìròyìn Ojú Ọjọ́ Ṣe Ń Bá Atukọ̀ Láàárín Agbami

Ọkọ̀ onígbòkun kékeré tó bá gbéra ní erékùṣù Canary, tó dorí kọ St. Lucia ní Caribbean, ní nǹkan bíi 2,700 máìlì ojú òkun láti rìn. Máìlì ojú òkun kan jẹ́ kìlómítà 1.852. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ bó ṣe yẹ, ìrìn náà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó ṣá. Èyí tí wọ́n kà ní èbúté lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣíkọ̀ ṣeé gbára lé fún ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Tó bá fi máa di ọjọ́ keje, àbá ló kù nínú rẹ̀. Tuntun gbọ́dọ̀ máa wọlé bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, fóònù alágbèéká sì ti dákẹ́ láti ìgbà tí ilẹ̀ ti pòórá lẹ́yìn wọn.

Ìròyìn fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Àwọn iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ńláńlá ń gbé e jáde tọ̀sán-tòru, ọ̀fẹ́ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà dé inú ọkọ̀ ló há. Híhá ọ̀nà yìí ló fà á tí ìròyìn ojú ọjọ́ orí òkun fi rí bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ ṣókí tí kò ní ọ̀ṣọ́, àwòrán dúdú àti funfun, nọ́ńbà tí wọ́n tò sínú àpótí-àpótí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà wọlé ni yóò mọ bó ṣe yẹ kó gbà á gbọ́ tó.

Rédíò tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ ni VHF. Ìgbì rẹ̀ ń lọ gbọọrọ ni, kì í tẹ̀ tẹ̀lé ayé tó rí róbótó, nítorí náà ibi tí áńtẹ́nà kan bá ti lè fojú kan èkejì ni agbára rẹ̀ mọ. Láti orí òpó ọkọ̀ onígbòkun kan sí èkejì, máìlì 10 sí 15 ni. Sí ibùdó etíkun tí áńtẹ́nà rẹ̀ wà lókè fíofío, ó lè tó 30 tàbí kó lé. Wáàtì 25 ni òfin fàyè gbà, ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ sọ ọ́ di 100, ìyẹn kò ní kí ìgbì náà yí ayé ká. Ìkànnì 16, lórí 156.8 MHz, ni ọkọ̀ ń ṣọ́ fún ìpè àti fún igbe ìrànlọ́wọ́. Ìkànnì 70 jẹ́ ti ìpè tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Láàárín agbami, ọkọ̀ akẹ́rù tó yọ lókèèrè ni VHF wúlò fún jù. Àwọn atukọ̀ ọkọ̀ kékeré a máa pè é, wọ́n á bi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ léèrè ohun tí àsọtẹ́lẹ̀ tuntun wí, torí ọkọ̀ ńlá kì í ṣaláìní in.

Kí ohùn tó lè kọjá ibẹ̀, ìgbì gbọ́dọ̀ rí ohun tí yóò dá a padà láti òkè. Ìgbì HF, láti 3 MHz sí 30 MHz, ló ń rí irú rẹ̀. Láti nǹkan bíi kìlómítà 60 sókè títí kọjá 300, ìtànṣán oòrùn máa ń fi iná mọ̀nàmọ́ná sínú afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ionosphere. Ìgbì HF á kàn án, á tẹ̀, á padà wálẹ̀ níbi tó jìnnà réré sí ibi tó ti gbéra. Ojú òkun á tún ta á padà sókè, bí òkúta pẹlẹbẹ tí ọmọdé sọ sójú omi ṣe ń ta lọ.

Ionosphere ní ìpele ju ẹyọ kan lọ, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n ń pè ní D, máa ń gbé ìgbì tí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ (iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kéré mì lọ́sàn-án. Nítorí náà 4 MHz kì í rìn jìnnà nígbà tí oòrùn bá wà lókè, ṣùgbọ́n 12 àti 16 MHz máa ń la D kọjá, wọ́n á lọ tẹ̀ lára ìpele F tó wà lókè. Tí oòrùn bá wọ̀, D á pòórá. 4, 6 àti 8 MHz á wá gbòòrò lọ sọ́nà jíjìn, àwọn tó ga jù wọ́n lọ á sì máa ti ìpele F jáde sí òfuurufú láìpadà. Òfin tí àwọn atukọ̀ ń lò kò ju èyí lọ: bí oòrùn bá ń gòkè, gbé fíríkúẹ́ńsì lọ sókè, bó bá ń wọ̀, gbé e wálẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan á tẹ́tí sí ibùdó WWV tó ń ka aago ní Colorado lórí 2.5, 5, 10, 15 àti 20 MHz. Èyí tó bá gbọ́ ketekete jù ló fi hàn ibi tó yẹ kó lọ.

Ohun tó máa ń ya ọ̀gbẹ̀rì lẹ́nu ni pé ọkọ̀ tó wà ní 200 máìlì lè má gbọ́ nǹkan kan, kí ti 2,000 máìlì sì gbọ́ kedere. Ìgbì ti fo ẹni tó wà nítòsí kọjá. Oòrùn tún ní ìgbà tirẹ̀: nǹkan bí ọdún 11 ló ń gbà kí àmì dúdú ojú rẹ̀ tó pọ̀, kó dínkù, kó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, àwọn fíríkúẹ́ńsì òkè máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbúgbàù kan lójú oòrùn lè pa HF mọ́ lẹ́nu ní gbogbo apá ayé tó kọjú sí oòrùn fún ìṣẹ́jú mélòó kan tàbí fún wákàtí.

Rédíò tí wọ́n ń fi sọ̀rọ̀ lórí HF ni SSB. Ó ń yọ ìdajì ìgbì àti ọ̀pá àárín rẹ̀ kúrò, gbogbo agbára tó kù á wá lọ sínú ohùn. Nínú ọkọ̀ onígbòkun, okùn irin tó di òpó mú láti ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń sọ di áńtẹ́nà. Wọ́n á gé e ní ojú méjì, wọ́n á fi ohun tí kì í gbé iná kọjá há ojú gígé náà, wọ́n á sì so ẹ̀rọ tó ń bá a mú fíríkúẹ́ńsì mọ́ ọn nísàlẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní ilẹ̀, ìyẹn bàbà pẹlẹbẹ tó so ẹ̀rọ náà mọ́ omi òkun. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ọ̀pọ̀ SSB tí wọ́n ń pè ní aláìdára ti ń wá. Sísọ̀rọ̀ tún ń jẹ bátìrì, ó lè fa ju ámpìà 20 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbígbọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Rédíò kékeré àtẹ́lẹwọ́ tó lè gba SSB, pẹ̀lú wáyà tí wọ́n ta síta, tó láti gba púpọ̀ nínú ohun tó kàn nísàlẹ̀ yìí. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó nǹkan, èyí ló yẹ kó kọ́kọ́ rà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn tó ṣì wúlò ni fákìsì ojú ọjọ́. Onímọ̀ ojú ọjọ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ ya máàpù, ibùdó á sọ ọ́ di ohùn, ohùn náà á gba afẹ́fẹ́ dé inú ọkọ̀, kọ̀ǹpútà á tún un yà. 1,500 Hz ni dúdú, 2,300 Hz ni funfun. Ìlà 120 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, máàpù kan sì lè gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Boston ń gbé tirẹ̀ jáde lórí 4235, 6340.5, 9110 àti 12750 kHz. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ Jámánì ń ti Pinneberg gbé tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá yí rédíò sí nọ́ńbà wọ̀nyí gan-an kò ní rí máàpù tó dáa, torí ó yẹ kó fi 1.9 kHz rẹlẹ̀ sí i. Iye fákìsì kò sí nínú ẹwà rẹ̀, nítorí àwòrán náà sábà máa ń rí wúruwùru. Ènìyàn ló jókòó tì í, tó wo ohun tí kọ̀ǹpútà sọ, tó wo ohun tí ọkọ̀ àti sátẹ́láìtì rí, tó sì fa ìlà sí ibi tí afẹ́fẹ́ tútù ti kọlu èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fáìlì nọ́ńbà kì í fa ìlà yẹn fún ẹnikẹ́ni.

Fáìlì nọ́ńbà ọ̀hún ni GRIB, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù báyìí. Kọ̀ǹpútà ńlá ní Amẹ́ríkà ń ṣírò ojú ọjọ́ gbogbo ayé pẹ̀lú ètò GFS nígbà mẹ́rin lóòjọ́, ní aago 00, 06, 12 àti 18 UTC, aago kan náà tí gbogbo ayé jọ ń lò. Kò sí bí SSB ṣe lè gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà atukọ̀ á bẹ̀ fún ìwọ̀nba. Ó lè fi ímeèlì yìí ránṣẹ́ sí Saildocs, iṣẹ́ tó ń fi fáìlì ojú ọjọ́ dáhùn ímeèlì, láti orí mọ́dẹ̀mù Pactor, ẹ̀rọ tó so mọ́ rédíò tó ń jẹ́ kí ímeèlì gba orí HF kọjá: "send gfs:30N,10N,60W,15W|2,2|24,48,72|WIND,PRMSL". Nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ ń ya àpótí sórí òkun. 2,2 ń sọ pé kí wọ́n mú nọ́ńbà kan ní dígírì méjì-méjì. Ìyókù ń béèrè afẹ́fẹ́ àti ìwúwo afẹ́fẹ́ fún wákàtí 24, 48 àti 72. Ẹni tó bá sọ dígírì méjì di ọ̀kan yóò gba fáìlì tó tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin, ó sì lè jókòó ti rédíò títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Dígírì méjì látàríwá sí gúúsù jẹ́ 120 máìlì. Ìjì òjò tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máìlì mélòó kan lọ yóò bọ́ sáàárín ojú àpótí láìsí ẹni tó rí i, irú ìjì bẹ́ẹ̀ ló sì ń ya ìgbòkun lójú ọ̀nà Caribbean. Nọ́ńbà afẹ́fẹ́ inú GRIB tún jẹ́ ìdọ́gba. Àsọtẹ́lẹ̀ ojú òkun ti Ọsirélíà máa ń kìlọ̀ gbangba pé ẹ̀fúùfù òjijì lè fi 40% le ju iye tí wọ́n kọ, pé ìgbì omi tó ga jù sì lè tó ìlọ́po méjì. Wọ́n ń tẹ ìkìlọ̀ yẹn lójoojúmọ́ débi pé kò sí ẹni tó ń kà á mọ́, èyí tó burú.

Ọ̀rọ̀ lásán náà wà. Wọ́n pín òkun gbogbo ayé sí METAREA 21, orílẹ̀-èdè kan ló sì ń kọ ìkìlọ̀ àti àsọtẹ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan: Gẹ̀ẹ́sì ni I, Faransé ni II, Amẹ́ríkà ni IV. Nítòsí etíkun, NAVTEX ń tẹ̀ ẹ́ jáde fúnra rẹ̀ lórí 518 kHz, ó sì ń dé máìlì 200 sí 400. Lókèèrè, sátẹ́láìtì ló ń gbé e. Inú GMDSS ni gbogbo èyí wà, ètò ààbò tó fìdí múlẹ̀ pátápátá ní 1 Oṣù Kejì 1999.

Ohùn ènìyàn kò tíì parẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 2013, Herb Hilgenberg jókòó sí ilé rẹ̀ ní Ontario, Kánádà, ó ń bá àwọn ọkọ̀ Atlantic sọ̀rọ̀ lórí 12359 kHz láìgba kọ́bọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á sọ ibi tó wà, afẹ́fẹ́ tó ń rí àti ohun tí bàrómítà rẹ̀ (ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo afẹ́fẹ́) kà, kó tó gba ìmọ̀ràn. Irú ìpàdé orí rédíò bẹ́ẹ̀ ṣì ń lọ láàárín àwọn ọkọ̀ tó jọ ń rìn, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé gbogbo ẹni tó yí rédíò síbẹ̀ ló ń gbọ́. Fóònù sátẹ́láìtì, ẹni kan ṣoṣo ló ń bá sọ̀rọ̀.

Síbẹ̀ sátẹ́láìtì ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ti Inmarsat dúró sójú kan lókè ìlà ìdajì ayé, ní kìlómítà 35,786, ìdí nìyí tí kì í fi rí igun òkè àti igun ìsàlẹ̀ ayé dáadáa. Iridium ní 66 tó ń yí ayé ká ní nǹkan bíi kìlómítà 780, kò sì sí ibi tí wọn kì í dé. Starlink wá jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré lè wo àwòrán ìjì bí ẹni tó wà ní pálọ̀, bí iná bátìrì bá ká a. Àwọn tó ti pẹ́ lórí òkun kò tíì tú SSB wọn kúrò, ṣùgbọ́n bí òpó bá wó, áńtẹ́nà SSB ti bá a lọ. Fóònù sátẹ́láìtì àti EPIRB, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké fún ìrànlọ́wọ́ sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz, ló yẹ kó wà nínú àpò tí wọ́n ń gbé sá.

Ohunkóhun tó bá wọlé, aago tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò, torí máàpù aago 00 lè má dé ọwọ́ wọn títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàrómítà. Bí máàpù bá kọ 1016 hPa, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìwúwo afẹ́fẹ́, tí bàrómítà tó péye sì ń ka 1010, ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ ti sún mọ́ wọn ju bí wọ́n ṣe yà á lọ, tàbí ó ti jinlẹ̀ sí i. Ní ìhà àríwá ayé, ẹni tó bá kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ yóò ní ibi tí afẹ́fẹ́ ti fúyẹ́ náà lápá òsì. Ọkọ̀ tó ń rin 150 máìlì lóòjọ́ kò lè sá fún ohun tó ń rin 600. Ohun tó lè ṣe ni kó yan ẹ̀gbẹ́ tí yóò wà nígbà tó bá ń kọjá.

Fún ìjì líle ilẹ̀ olóoru, wọ́n ní ìṣirò kan: láti etí ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tó nọ́ọ̀tì 34 (máìlì ojú òkun 34 ní wákàtí kan), wọ́n á fi máìlì 100 kún un fún wákàtí 24 tó ń bọ̀, 200 fún 48, 300 fún 72, wọn kò sì ní wọ inú àyíká yẹn. Bàrómítà ibẹ̀ máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láìsí ewu, ó ga jù ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti alẹ́. Bí wọ́n bá yọ ìyẹn kúrò, tó ṣì fi 3 hPa rẹlẹ̀ sí bó ṣe yẹ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bó bá tó 5, ìjì wà nítòsí, ìbáà jẹ́ pé fákìsì kò yà á rárá. Òfin SOLAS, àdéhùn àgbáyé lórí ààbò ẹ̀mí lójú òkun, sì ní kí ọ̀gá ọkọ̀ tó bá bá a pàdé ké sí àwọn ọkọ̀ tó wà láyìíká àti sí ilẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ní lọ́wọ́: ibi tó wà, aago, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́, ohun tí bàrómítà kà. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn lè wọ inú ìṣirò tó bá kàn.