Bí wọ́n ṣe ń pín áljẹ́bírà Lie sí ipò

Ọ̀dọ̀ Sophus Lie, onímọ̀ ìṣirò ará Norway (1842–1899), ni áljẹ́bírà Lie ti gba orúkọ. Àkójọ nǹkan tó ṣeé rò pọ̀, tó sì ṣeé fi nọ́mbà sọ di púpọ̀, ni áljẹ́bírà yìí; ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ọ̀nà tó ń gbà so méjì nínú wọn pọ̀ kí òmíràn nínú wọn lè jáde. Fún mátíríìsì, ìyẹn nọ́mbà tí a tò sí ìlà àti òpó, ìsopọ̀ náà ni [A, B] = AB − BA.

Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni sl(2): mátíríìsì onílà méjì, olópòó méjì, tí àròpọ̀ nọ́mbà igun òkè lápá òsì àti ti igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún jẹ́ 0. Ẹ fi 1 àti −1 sí igun méjèèjì yẹn, h nìyẹn. 1 kan ṣoṣo lókè lápá ọ̀tún ni e. 1 kan ṣoṣo nísàlẹ̀ lápá òsì ni f. Tí a bá ṣírò wọn, [h, e] = 2e, [h, f] = −2f, [e, f] = h.

Ẹ wá fún e ní ipò 1, h ní ipò 0, f ní ipò −1. Òfin ìpín náà ò ju ẹyọ kan lọ: tí a bá so ará ipò méjì pọ̀, ohun tó jáde gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò tí àròpọ̀ wọn tọ́ka sí. Ti e àti f jẹ́ 1 + (−1) = 0, h ló sì jáde lóòótọ́.

Ìpín yìí àti ìyípadà tí kì í ba ìsopọ̀ jẹ́ kò ṣeé yà nípa, ibẹ̀ gan-an ni ẹwà rẹ̀ wà. Ẹ fi nọ́mbà t tí kì í ṣe 0 sọ e di púpọ̀, ẹ fi t kan náà pín f, ẹ má fọwọ́ kan h. [e, f] ṣì jẹ́ h, torí t méjèèjì ti pa ara wọn rẹ́. Ẹni tó mọ ìyípadà yìí nìkan á rí ìpín náà fúnra rẹ̀: ohun tí kò yí padà wà ní ipò 0, ohun tí t sọ di púpọ̀ wà ní ipò 1, èyí tí t pín wà ní ipò −1.

sl(2) kan náà tún ṣeé pín lọ́nà mìíràn. Ẹ mú X = h, Y = e + f, Z = e − f. [X, Y] = 2Z, [X, Z] = 2Y, [Y, Z] = −2X: èyíkéyìí méjì ń bí ìkẹta. Ipò wọn ni (1,0), (0,1) àti (1,1), níbi tí 1 + 1 ti ń dá 0 padà, bí ìgbà téèyàn tẹ bọ́tìnnì iná lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó wà ní ipò (0,0).

Ìyàtọ̀ ìpín méjèèjì hàn nínú bí àwọn ipò ṣe lè ṣípò fún ara wọn. Nínú ti àkọ́kọ́, e àti f nìkan ló lè gba ipò ara wọn, h á sì di −h. Nínú ti kejì, tí a bá ń lo nọ́mbà kọ́mpúlẹ́ẹ̀sì (nínú wọn la ti ń rí nọ́mbà tó máa di −1 tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀), ọ̀nà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí a lè gbà to mẹ́ta ló ṣeé ṣe, kò sí èyí tó ṣe pàtàkì ju ìkejì rẹ̀ lọ.

Ní 1989, Jiří Patera àti Hans Zassenhaus bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìpín tí kò ṣeé pín sí wẹ́wẹ́ mọ́, irú méjì tí a rí yìí. Lórí nọ́mbà kọ́mpúlẹ́ẹ̀sì, áljẹ́bírà Lie kan tó ń jẹ́ G2, tó ní ìwọ̀n 14 (ohun ìpìlẹ̀ 14 ló gbé e ró, bí e, h àti f ṣe gbé sl(2) ró), ní irú ìpín bẹ́ẹ̀ méjì péré. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀nà 12 láti ṣípò. Ti kejì pín gbogbo rẹ̀ sí ipò 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 2, ọ̀nà tí àwọn 7 náà lè gbà ṣípò sì jẹ́ 168.