Ta ló ní oúnjẹ tí kò pẹ́ lórí iná kò lè dùn?

Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní aago méje alẹ́, tí ebi ń pa á, tó wá gbé ìkòkò kaná, ìdájọ́ ti wà nílẹ̀ dè é: ohun tó bá sè ní ìṣẹ́jú 20 kò lè ju ohun tí a fi ń pa ebi lọ. Wọ́n á ní kò sí adùn nínú ìkánjú. Wọ́n á tún fi òwe kín in lẹ́yìn, pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe náà kò purọ́, ibi tí wọ́n lò ó sí ni kò bá a mu.

Aago kọ́ ló ń mú oúnjẹ dùn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ló ń mú un dùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èyí tó ń gba wákàtí wà lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹran tó le, irú èyí tí wọ́n gé ní ẹsẹ̀, èjìká tàbí ọrùn ẹranko tó ti rìn púpọ̀ láyé rẹ̀, kún fún collagen, ìyẹn okùn tó so iṣan mọ́ra wọn. Collagen kì í gbọ́ ìkánjú. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú ooru tó ju dígírì 70 lọ fún wákàtí méjì, mẹ́ta, kó tó yọ́ di gelatin, èyí tó ń jẹ́ kí ọbẹ̀ ki, kó sì máa lẹ̀ mọ́ ètè. Ẹni tó bá ní kí irú ẹran yìí jinná ní ìdajì wákàtí nínú ìkòkò lásán, bíi rọ́bà ni yóò máa rún un lẹ́nu. Òfin ẹran líle yìí ni a mú, tí a sì gbé ka orí gbogbo oúnjẹ. Ẹja kò mọ òfin yẹn. Collagen tirẹ̀ kò lágbára, ooru díẹ̀ ti tó láti tú u, ìdí nìyẹn tí ẹja tí a gbàgbé lórí iná fi ń fọ́ yángá sínú ọbẹ̀. Igbáàyà adìẹ náà kò mọ̀ ọ́n: bí ooru inú rẹ̀ lọ́hùn-ún bá ti dé dígírì 74, ó ti jinná, ó sì ṣeé jẹ láìséwu. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá tún lò lẹ́yìn ìyẹn, omi ara rẹ̀ ni iná ń fún jáde. Ẹyin ńkọ́? Edé ńkọ́? Ẹ̀fọ́ ńkọ́? Kò sí èyí tó ń jàǹfààní wákàtí méjì nínú wọn.

Kí ló wá ń ṣe adùn gan-an? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń yọ lára ẹran, búrẹ́dì tàbí àlùbọ́sà tí iná bá mú un dáadáa. Louis Camille Maillard, oníṣègùn àti onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1912. Èròjà tí a fi ń kọ́ purotéènì àti ṣúgà inú oúnjẹ máa ń para pọ̀ bí ooru bá mú wọn tó, wọ́n á sì bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èròjà olóòórùn tí kò sí nínú oúnjẹ náà tẹ́lẹ̀. Ó máa ń yára bí ojú oúnjẹ bá ti gbóná tó nǹkan bíi dígírì 140. Omi ní tirẹ̀ kì í kọjá dígírì 100 nínú ìkòkò lásán, bó ti wù kó hó tó. Nítorí náà, ẹran tó ń hó nínú omi láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ yẹn rárá, nígbà tí èyí tó wà lórí páànù gbígbóná yóò ti ní in ní ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Omi ni ọ̀tá níbí, kì í ṣe àìsí àkókò. Ẹran tí a fọ̀ tí a kò nù gbẹ, gbogbo agbára iná ni yóò kọ́kọ́ lọ sórí gbígbẹ omi ara rẹ̀, ẹran yóò sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Bákan náà ni bí a bá da ẹran kún páànù bámúbámú: omi á sun jáde, kò ní ríbi gbà, ẹran á sì máa bọ̀ dípò kó máa dín. Ẹ nù ún gbẹ. Ẹ jẹ́ kí páànù gbóná kí òróró tó dé ibẹ̀. Ẹ pín ẹran sí ọ̀nà méjì bó bá pọ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́, ẹ má máa yí i ṣáá bí ẹni tí ọwọ́ ń yún. Ohun pupa tó bá lẹ̀ mọ́ ìdí páànù lẹ́yìn náà, omi díẹ̀ ni ẹ ó fi há a kúrò, yóò sì di ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó gbé irú páànù bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́ tààrà.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ páànù, ìgbàgbọ́ òdì kékeré kan tún fara pamọ́ síbẹ̀: pé iná tó mú ojú ẹran ń sé omi mọ́ inú rẹ̀. Justus von Liebig, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, wà lára àwọn tó tan èyí kálẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 19. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ṣàá tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹran wà lórí páànù, omi inú ẹran tó ń kán sórí irin gbígbóná ni. Ká ní ojú rẹ̀ sé lóòótọ́ ni, páànù ì bá dákẹ́. Nítorí adùn ni a ṣe ń jẹ́ kó pọ́n, kì í ṣe nítorí omi.

Ẹ wá wo ọbẹ̀ tó ti ń hó láti ọ̀sán, tí òórùn rẹ̀ gba ilé kan, tí aládùúgbò ń béèrè ohun tí à ń sè. Inú wa máa ń dùn sí i. Àmọ́ òórùn yẹn ti kúrò nínú ìkòkò kó tó dé imú aládùúgbò. Ahọ́n kò mọ̀ ju dídùn, iyọ̀, kíkan, kíkorò àti adùn karùn-ún kan tí mo ń bọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ìyókù tí à ń pè ní adùn, imú ló ń gbọ́ ọ, láti ẹ̀yìn ọ̀fun wa bí a ṣe ń jẹun. Ewé olóòórùn dídùn tó bá wọ ìkòkò ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn á tà ju èyí tó ti wà níbẹ̀ fún wákàtí kan. Aáyù náà rí bẹ́ẹ̀. Odindi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lóòórùn, ìgbà tí ọ̀bẹ bá fọ́ ọ ni allicin, èyí tó ń ta ni nímú, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ooru ló sì ń pa á. Ní ti èròjà gbígbẹ tí a lọ̀, òróró ni ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ pàdé, kì í ṣe omi, torí òórùn wọn máa ń yọ́ sínú òróró dáadáa. Ìṣẹ́jú kan ti tó, bó bá ju ìyẹn lọ yóò jóná.

Ọ̀bẹ tún ń dín àkókò kù ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí ẹ bá gé ẹran sí ìdajì bó ṣe nípọn tẹ́lẹ̀, àkókò tí ooru yóò fi dé àárín rẹ̀ kì í dín sí ìdajì, ó máa ń sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú tí iná lè mú á tún pọ̀ sí i, iyọ̀ á sì tètè wọ̀ ọ́. Ẹ gé e lòdì sí bí fọ́nrán rẹ̀ ṣe tò, eyín kò ní ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Adùn karùn-ún tí mo fẹ́ sọ nìyí. Lọ́dún 1908 ni Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Tokyo, yọ glutamate jáde lára ewé òkun, tó sì sọ pé òun ló wà nídìí adùn omi tí wọ́n fi ewé náà sè. Glutamate pọ̀ nínú tòmátì alágolo, wàràkàṣì tó ti gbó, àti sóọ̀sì sóyà. Olú gbígbẹ àti ẹja gbígbẹ ní èròjà míì tó máa ń sọ adùn glutamate di ìlọ́po bí wọ́n bá pàdé. Oṣù mélòó kan ni wàràkàṣì fi gbó, ọ̀pọ̀ ọjọ́ sì ni sóọ̀sì sóyà fi wà nínú àgbá. Ẹlòmíràn ti bá wa lo àkókò náà, ṣíbí kan péré ló kù fún wa. Àwọn kan á ní ọ̀nà àbùjá ni. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin náà ń lo ẹja gbígbẹ, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè. Ẹ ṣáà jẹ́ kí tòmátì alágolo dín nínú òróró fún ìṣẹ́jú méjì títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣú, kí ẹ tó bu omi sí i.

Mi ò ní tan yín lórí àlùbọ́sà o. Èyí tó rọ̀, tó dùn bíi ṣúgà, tó sì pọ́n dénú, ìṣẹ́jú 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ń gbà, ẹni tó bá kọ ìṣẹ́jú márùn-ún sínú ìwé ìdáná kò tíì sè é rí. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ ìsinmi. Ti ẹran líle, ìkòkò tí a ń dé pinpin, tí wọ́n ń pè ní pressure cooker, lè ràn yín lọ́wọ́: Denis Papin ló ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ lọ́dún 1679, omi inú irú tòde òní sì lè gbóná dé nǹkan bíi dígírì 121. Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ní tirẹ̀ ní oró kan tí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kì í pa, ó gbọ́dọ̀ hó yaya. Inú agolo ni kí ẹ ti mú un bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n ti sè é jinná kó tó délé.

Bó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tọ́ ọ wò. Oúnjẹ tó dà bíi pé ó ṣá lẹ́nu lè ti ní iyọ̀ tó, kó jẹ́ pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fíníga díẹ̀ ló ń wá. Ní ti àkókò tó ń sọnù lálẹ́, ibi gígé nǹkan ló ti ń sọnù jù, kì í ṣe orí iná. Ẹ gbé ìrẹsì kaná kí ẹ tó mú ọ̀bẹ rárá, ẹ gbé páànù kalẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹran pẹlẹbẹ yóò sì ti kúrò lórí iná kí ìrẹsì tó fa omi rẹ̀ tán.