Àwo Ìdápadà-sí-Àtilẹ̀wá: Kí Ni Ó Ń Ṣe fún Láàpútọ́ọ̀pù Yín?

Bí ènìyàn bá gbé láàpútọ́ọ̀pù tó ń lọ́ra lọ bá àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Agbówó tàbí ní àdúgbò Queen Cinema níbí ní Ìbàdàn, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà "fọ́máàtì". Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú ẹ̀rọ, fọ́máàtì ni; bí ẹni tó ni ín bá gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù, fọ́máàtì ni; bí ó bá fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, fọ́máàtì náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti di àgbo gbogbonìṣe. Èmi kò bá oníṣẹ́ ọwọ́ jà nítorí pé ó yá ọ̀rọ̀ lò, nítorí pé kò sí ilé Yorùbá tí kò sọ àlàáfíà, inú èdè Lárúbáwá ni òun náà sì ti wá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n ti da iṣẹ́ méjì tí kò jọra pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, oníbàárà ló sì ń san owó ìdàpọ̀ náà.

Ẹni tó bá fọ́máàtì háàdì dísíkì, ńṣe ló sọ ọ́ di òfìfo. Windows tí yóò wá gbé lé e lórí lẹ́yìn náà lè ti ibikíbi wá, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ inú fíláàṣì tí wọ́n ń gbé láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ló ti wá, láìsí ìwé àṣẹ kankan nídìí rẹ̀. Ohun tí mò ń pè ní ìdápadà-sí-àtilẹ̀wá (factory reset ní èdè Gẹ̀ẹ́sì), tí a lè fi àwo CD tàbí DVD ṣe, yàtọ̀ pátápátá. Ó ń gbé Windows gan-an tí wọ́n fi ta ẹ̀rọ náà padà sórí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn díráfà tó ń jẹ́ kí ohùn, wáífáì àti kámẹ́rà ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àṣẹ rẹ̀ àti gbogbo ètò tí àwọn tó ṣe é kó sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí ní ọjọ́ tó kúrò lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí láàpútọ́ọ̀pù bá ti ṣọ́ọ̀bù dé tí kò dún mọ́, tí kò sì rí wáífáì mọ́, tí wọ́n sì ní kí ẹ tún mú owó díráfà wá, ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé fọ́máàtì ni wọ́n ṣe fún yín.

Wàyí o, àwọn kan lára àwa tó ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ ní èdè Yorùbá ti gbìyànjú láti sọ iṣẹ́ kejì yìí lórúkọ, àwọn orúkọ náà sì burú ju fọ́máàtì lọ. Àwọn kan ń kọ "dídá kọ̀ǹpútà padà sí ilé-iṣẹ́". Ẹ fi ojú inú wo ìyá oníṣòwò kan ní Gbági tó ka gbólóhùn yẹn: kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó máa wá ẹni tó ń lọ sí Amẹ́ríkà tí yóò bá a gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ? Àwọn mìíràn ń kọ "àtúnbí kọ̀ǹpútà". Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tí a dá padà kì í di mímọ́ rárá. Gbogbo pàǹtírí tí wọ́n fi tà á ní ń bá a padà wá, títí kan agbógunti-fáírọ́ọ̀sì olóṣù díẹ̀ tí yóò máa yọ lójú ẹ̀rọ láràárọ̀ pé kí ẹ wá sanwó.

Èyí tó burú jù lọ ni "àwo ìgbàpadà", nítorí pé ó jọ òótọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ìgbàpadà yóò rò pé ohun tó sọnù ni òun fẹ́ gbà padà, ìyẹn àwòrán ìgbéyàwó, iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì, àkọsílẹ̀ owó ọjà. Yóò ti àwo náà bọ inú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìrètí, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tó ń wá rẹ́. Àwo yìí kì í gba fáìlì ẹnikẹ́ni padà. Ẹni tó ń wá fáìlì tó sọnù, iṣẹ́ mìíràn ló ń wá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kan àwo yìí rárá títí tí iṣẹ́ ọ̀hún yóò fi parí. Orúkọ tó ń rán ènìyàn lọ ṣe òdìkejì ohun tó ń fẹ́, kí ni a fẹ́ fi ṣe?

Ìdí tí mo fi yan àtilẹ̀wá ni pé ó sọ ibi tí ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan ti sọ fún mi pé "ìpilẹ̀ṣẹ̀" dára jù ú lọ. N kò gbà, nítorí pé ìpilẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ́ kí a máa ronú nípa bí wọ́n ṣe kan ẹ̀rọ náà pọ̀, àtilẹ̀wá sì ń sọ bó ṣe wà nígbà tó ń bọ̀. Láàárín àwa tó ń ra tòkunbọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n kọ́kọ́ tà ní Jámánì, bí ẹ bá dá a padà, èdè Jámánì ni yóò máa sọ sí yín, lẹ́tà Z yóò sì wà níbi tí ẹ ti ń wá Y. Kò ṣàṣìṣe o; ibi tó ti wá ló padà sí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ gbogbo àgbàdo rẹ̀ tán. Yóò ṣa èyí tó gbó dáadáa, yóò so ó kọ́ sí àjà ilé ìdáná, kí èéfín máa rú sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Bí oko bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, yóò ṣán an, yóò dáná sun ún, yóò sì fi irúgbìn orí àjà gbin òmíràn. Ìpín ìkọ̀kọ̀ tí àwọn tó ṣe láàpútọ́ọ̀pù yà sọ́tọ̀ nínú háàdì dísíkì ni àjà yẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú ilé kan náà ni àjà wà: bí ilé bá jó, tilé-tirúgbìn ni yóò jó. Nítorí náà ni àgbẹ̀ tó gbọ́n fi ń gbé díẹ̀ lọ pamọ́ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé kejì. Irúgbìn tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ni àwo ìdápadà. Ilá àti ẹ̀wà tí àgbẹ̀ gbìn lẹ́yìn tó ti so irúgbìn kọ́ kò sí lórí àjà, kò sì sí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Iná oko ti jó wọn lọ; fáìlì yín nìyẹn.

Bí àjà bá ṣì wà, bọ́tìnì kan tàbí méjì ti tó. Lórí ọ̀pọ̀ HP àtijọ́, F11 ni a ń tẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn. Acer ń béèrè Alt àti F10 pọ̀. Toshiba fẹ́ kí a di bọ́tìnì òdo (0) mú bí a ti ń tan ẹ̀rọ. F9 ni ti Asus. Ìpín yìí gan-an ni àwọn afọ́máàtì wa máa ń pa rẹ́ kí àyè lè pọ̀ sí i, láìbi ẹni tó ni ẹ̀rọ.

Tí kò bá sí àjà mọ́, tàbí tí háàdì dísíkì kú tí wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwo ló kù. Láyé Windows Vista àti Windows 7, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe láàpútọ́ọ̀pù ti dẹ́kun àtimáa fi àwo sínú páálí. Wọ́n fi ètò kan sínú ẹ̀rọ kí olówó rẹ̀ fi ṣe é fúnra rẹ̀, ó sì sábà máa ń gba DVD mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni HP ń gbà kí a ṣe é, nítorí náà ẹ fi máákà kọ nọ́ńbà sára wọn bí wọ́n ṣe ń jáde, torí pé bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra ni ẹ̀rọ yóò ṣe máa béèrè wọn. Àwo ti irú láàpútọ́ọ̀pù kan kì í sábà gbà fún irú mìíràn. Ẹ kó fáìlì yín jáde ṣáájú, ẹ ki ẹ̀rọ mọ́ iná, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ bí bátìrì bá ti kú tí iná sì ń ṣe ségesège, nítorí pé ẹ̀rọ tí iná bá kú mọ́ lórí láàárín iṣẹ́ náà lè má tàn mọ́, àfi kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti àwo àkọ́kọ́.

Àtilẹ̀wá kì í tún háàdì dísíkì tó ń kú lọ ṣe, kì í sì í yọ páásíwọ́ọ̀dù BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Ó sì lè dá yín padà sẹ́yìn ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ: láàpútọ́ọ̀pù tó bá Windows 7 wá, Windows 7 ni yóò padà sí, Microsoft kò sì tún un ṣe fún aráàlú mọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 2020. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí a máa fi ṣe ètò owó báńkì.

Láti Windows 8 ti ọdún 2012, ìdápadà ti wà nínú Windows fúnra rẹ̀, nọ́ńbà ìwé àṣẹ sì wà nínú ara ẹ̀rọ níbi tí fọ́máàtì kò lè dé. Láti ọdún 2020, Windows 10 lè fa ara rẹ̀ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá ní dátà tó lé ní 4GB láti fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tuntun kò ní ojú àwo mọ́, fíláàṣì la fi ń ṣe é. Ẹ wá èyí tó tó 16GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì kọ́kọ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, nítorí pé ètò náà yóò nu ún mọ́ kí ó tó kọ nǹkan sí i.