Àpótí kíkún kọ́ ni irinṣẹ́

Bí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì bá fẹ́ gba fírídọ̀mù ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ohun kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ máa ń gbé wá síbi ayẹyẹ náà tí gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́ sí: àpótí sípánà. Wọ́n á ṣí i láàárín agbo. Inú rẹ̀ á máa kọ mọ̀nà bíi díńgí, irin kọ̀ọ̀kan á wà nínú ihò tirẹ̀, wọ́n á sì ti kọ 108 gàdàgbà sára ìdérí. Ìyá ọmọ á jó, bàbá á gbàdúrà sí i, èmi ọ̀gá á sì dìde, màá gbé e lé ọmọ lọ́wọ́.

Mo ti gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ lé ọmọ mẹ́ta lọ́wọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣì ń fi í ṣiṣẹ́ lónìí. Èmi náà ra tèmi nígbà tí mo kọ́kọ́ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó. Owó tí mo fi oṣù mẹ́rin kó jọ ni mo kó lé e. Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé sípánà tó bá ń dán, tí wọ́n tẹ "Chrome Vanadium" sí lára, irin gidi ni. A tún gbà pé ẹni tó ra méjìdínláàádọ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti jèrè ju ẹni tó ń rà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Dídán yẹn, awọ lásán ni. Kúrómù tínínrín ni wọ́n fi bo irin náà kó má baà dípẹtà, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju ìyẹn lọ. Bí wọ́n bá fi kúrómù bo irin ojú fèrèsé, òun náà á dán. Ní ti orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, lóòótọ́ ni irin kan wà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: kúrómíọ̀mù bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú rẹ̀, fanédíọ̀mù inú rẹ̀ kéré sí ìyẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè tẹ orúkọ sára irin. Kódà bó bá jẹ́ irin náà gan-an ni, bí iná kò bá ṣiṣẹ́ tó lára rẹ̀, kò wúlò.

Ìlú yìí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ iná yìí tètè yé. Àwa la ni Ògún Ládin, irin ńlá tó wà láàfin Ọọ̀ni. Àwa náà la sì ń ṣe ọdún Ọlọ́jọ́ fún Ògún. Alágbẹ̀dẹ tó ń rọ àdá máa ń fi ẹnu àdá sínú iná títí á fi pọ́n, á wá rì í bọ omi. Bí kò bá rì í bọ omi, àdá náà á máa tẹ̀ bíi páànù. Bó bá rì í bọ omi tí kò sì tún fi iná yá a díẹ̀ lẹ́yìn náà, á le, ṣùgbọ́n á kán lọ́jọ́ tó bá bá òkúta pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sípánà. Ojú kì í rí iṣẹ́ iná lára ohun tí wọ́n ti fi kúrómù bò. Ó ń gba àkókò, ó ń gba owó, òun sì ni ẹni tó fẹ́ ta ọjà pọ́ọ́kú kọ́kọ́ ń fò.

Nínú ọ̀yẹ́ tó kọjá, olùkọ́ kan gbé Corolla 2005 wá ká bá òun pààrọ̀ páàdì bíréèkì iwájú. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bóòtù méjì ló di kálípà kọ̀ọ̀kan, irin tó ń fún páàdì, mú. Orí 14 ni wọ́n, ìyẹn ni pé orí wọn fẹ̀ tó mìlímítà 14. Ọmọ kan tó ti gba fírídọ̀mù lọ́dọ̀ mi, tó ṣì ń bá mi ṣe, mú fláàtì 14, sípánà tí ẹnu rẹ̀ là, nínú àpótí tuntun rẹ̀, ó fi gbá bóòtù mú, ó tẹ̀ ẹ́. Kò tú. Ó dìde dúró, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ "pà", inú mi dùn, mo rò pé ó ti tú ni. Ẹnu sípánà ló ya.

Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi í sórí nọ́ọ̀tì tuntun; àlàfo tó wà níbẹ̀ gba èékánná mi. Orí bóòtù ti di róbótó, gbogbo igun rẹ̀ ti fá, lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán sì lẹ̀ mọ́ ìka mi. "Ọ̀gá, ẹ má bínú," ó ní, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "bí ẹ ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe é." Òótọ́ ló sọ. A lọ pe wẹ́dà, ó jó nọ́ọ̀tì mọ́ orí bóòtù náà kó tó gbà láti tú. Ìrọ̀lẹ́ ni olùkọ́ tó rí ọkọ̀ rẹ̀ gbà.

Bóòtù ní igun mẹ́fà. Fláàtì kì í di ju ẹ̀gbẹ́ méjì mú, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ níwájú. Bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà ni orí bóòtù ń ti ètè rẹ̀ méjèèjì síta. Bí irin rẹ̀ bá rọ̀, á ya. Ríǹgì yí orí bóòtù ká, kò ní ẹnu tí yóò ya, gbogbo igun ló sì ń pín agbára náà gbé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà, irin bí ife tó ń bo orí bóòtù, tún dára gan-an, torí ara pẹrẹsẹ bóòtù ló ń tì, kì í ṣe ṣóńṣó igun rẹ̀. Onígun méjìlá rọrùn níbi tí àyè kò bá sí, ṣùgbọ́n tó bá kan bóòtù tó ti dípẹtà, ẹ má fi dánwò. Ríǹgì ni kẹ́ ẹ fi tú u kó rọ̀ ná, kí fláàtì tó wá yí i kúrò.

Ẹ tún wo iye tí wọ́n kọ sára àpótí yẹn. Mo da tèmi sílẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì lọ́jọ́ kan, mo kà á. Ó lé ní ogójì tó jẹ́ kìkì orí súkúrúdíráfà kéékèèké. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 4, 5, 6, 7 wà níbẹ̀ tí n kò fi kan ọkọ̀ rí. Toyota àti Honda ló kún Ifẹ̀, lára ọkọ̀ Japan sì rèé, bóòtù tó nípọn mìlímítà 6 sábà máa ń ní orí 10, ti 8 ní orí 12, ti 10 ní orí 14. Ẹ fi 17 kún un, kẹ́ ẹ fi 19 àti 21 ti nọ́ọ̀tì táyà kún un, ẹ ti lè tú ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà lára ọkọ̀ náà. Lára ọkọ̀ Jámánì ni bóòtù 8 kan náà ti ń ní orí 13. Àwọn àpótí mìíràn tún máa ń fi ti íǹṣì kún un kí iye lè pọ̀. 9/16 íǹṣì jẹ́ mìlímítà 14.29. Ó ń wọ orí 14 wẹ́rẹ́, á sì jọ pé ó bá a mu. Àlàfo kékeré yẹn ló ń jẹ igun bóòtù.

Wọ́n máa ń ní kéèyàn mú òòfà lọ sọ́jà, pé èyí tí òòfà bá gbé ni ojúlówó. Òòfà ń gbé ìṣó, ó ń gbé agolo mílíìkì, ó ń gbé sípánà tó dára àti èyí tí kò dára. Bóòtù tuntun mẹ́ta ni èmi ń kó sápò bí mo bá ń lọ sí Lágéré: orí 10, 12 àti 14. Mo ń fi sípánà sórí wọn lójú ẹni tó ń tà á, mo sì ń mì ín. Bó bá ń mì jẹ̀lẹ̀jẹ̀lẹ̀, mo dá a padà. Mo tún ń wo inú ẹnu rẹ̀ bóyá kúrómù dì síbẹ̀ gbágungbàgun bí ìda àbẹ́là. Tòkunbọ̀ tó ti dúdú, tí ẹnu rẹ̀ ṣì pé, tí kò sì sán lọ́rùn, n kì í fi sílẹ̀. Mẹ́fà ni mo ní nínú irú wọn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pá gígùn tí kò ní eyín, tí a ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí lẹ́nu, yẹ ní rírà kí ráṣẹ́ẹ̀tì tó dé. Ráṣẹ́ẹ̀tì náà ń gba sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu, ṣùgbọ́n eyín kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yára yí bóòtù tó ti rọ̀. Àwa ń ki páìpù bọ ìdí rẹ̀ ká fi tú nọ́ọ̀tì tó dípẹtà, eyín á ká, a ó ní ayédèrú ni wọ́n tà fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń dán kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ìbọn afẹ́fẹ́ tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà. Ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́, kó sì fò bá ojú. Dúdú tó nípọn ni wọ́n ṣe fún un.

Èyí tó ká mi lára jù ni stand, irin ẹlẹ́sẹ̀ tó yẹ kó gbé ọkọ̀ ró lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè. Òróró ló ń gbé jáàkì ró. Bí rọ́bà inú rẹ̀ bá gé, ọkọ̀ á wálẹ̀ láìkìlọ̀. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí a ń tì sábẹ́ ọkọ̀ máa ń fọ́ lójijì, ọmọ ọlọ́mọ ló sì ń wọ abẹ́ ibẹ̀ lọ sùn gbalaja. Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, bó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lowó yín ká, ẹ ra stand méjì fún ọmọ yín.

Nígbà tí ọmọ tó kàn fẹ́ gba fírídọ̀mù, mo lọ bá ìyá rẹ̀ nílé, ní Ìlárè. Mo ní, "Mà, ẹ má ra àpótí o." Ó wò mí títí. "Ọ̀gá wa," ó ní, "kí ni mo wá fẹ́ gbé jáde tí àwọn èèyàn á rí?" Kò sí ìdáhùn lẹ́nu mi lójú ẹsẹ̀, torí mo mọ bí ọjọ́ yẹn ṣe rí lára ìyá.

Aṣọ òkè rẹ̀ la tẹ́ sórí tábìlì. A to ríǹgì 10, 12 àti 14 sí i, a to sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́fà àti ọ̀pá gígùn tẹ̀ lé e, a sì gbé stand kan sí ọ̀tún, ìkejì sí òsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gbé stand kan lé orí, ó sì jó yí agbo ká. Ríǹgì 17 ló kù. Ọmọ náà ní tí òun bá ti gba owó Camry tó wà níwájú òun, òun á kó bóòtù sápò lọ sí Lágéré.