Ẹ Sọ Àkámọ́ Yín Lórúkọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti gbé irú àṣìṣe kan ṣoṣo wá bá mi láàrin oṣù yìí, ìyẹn fífi nọ́ńbà dípò orúkọ pe àkámọ́ `( )` inú regex, bátànì tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ tàbí òǹkà nínú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo sì rí i pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ju kí n máa tún un sọ lọ. Ẹni tó bá ń lo regex ti mọ̀ pé ohun tí a bá fi àkámọ́ ká mọ́ ni a lè yọ jáde, nítorí náà n kò ní dúró lórí ìyẹn.

Ohun tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́ ni pé nọ́ńbà kì í ṣe orúkọ. Láti apá òsì ni a ti ń ka àkámọ́, èyí àkọ́kọ́ ni 1, èyí tó tẹ̀ lé e ni 2. Bí ẹ bá fi ẹyọ kan kún un níwájú, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sún. Nínú àwọn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, Python ló kọ́kọ́ mú orúkọ wọ inú regex, Perl gbà á ní 2007, Java ní 2011, JavaScript ní 2018. Nínú Python, ẹ ó kọ `(?P<onibara>\d+)`, ẹ ó sì fi `m.group("onibara")` mú un jáde. Ní Java àti JavaScript, ẹ yọ P kúrò.

Ọkùnrin kan ní bátànì tó ń ka nọ́ńbà oníbàárà, owó tó san àti gbèsè tó kù. Ó fi àkámọ́ ẹ̀ka ọ́fíìsì kún un níwájú, kò sì fọwọ́ kan ìyókù kóòdù rẹ̀. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà oníbàárà di owó tí oníbàárà san, owó tó san sì di gbèsè, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn ṣe ń sanwó tó ni gbèsè rẹ̀ ń ga sí i. Níwọ̀n bí gbogbo rẹ̀ ti jẹ́ òǹkà, ẹ̀rọ kò ké.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi lo orúkọ. Ó ní ẹni tó kọ́ òun ní iṣẹ́ sọ pé orúkọ máa ń fa ètò sẹ́yìn. Irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń da bátànì kọ bí ẹni ń pọfọ̀, ló ń ba iṣẹ́ wa jẹ́: nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣètò bátànì ló ti ń so orúkọ mọ́ nọ́ńbà, orúkọ kò sì dí ìwákiri lọ́wọ́ rárá.

Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ báyìí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó fi àmì ìbéèrè sẹ́yìn àkámọ́ gbèsè, èyí tó túmọ̀ sí pé gbèsè lè wà, ó sì lè má sí, kò sì bèèrè pé kí ni kóòdù òun yóò ṣe nígbà tí ìlà kan kò bá ní gbèsè, tí Python sì fún un ní `None`, ìyẹn òfo, dípò òǹkà. Mo ti ń retí ìpè rẹ̀.