Ta Ló Dá Gurmukhi Sílẹ̀? Khadur Sahib Ni Kí Ẹ Wò

Bí èdè Punjabi ṣe wà lẹ́nu àwọn Sikh títí dòní, ìkọ̀wé tiwọn ló fà á. Ẹni tó bá ń wá orísun ìkọ̀wé náà, tí í ṣe Gurmukhi, kó kọrí sí Khadur Sahib, ìlú kékeré kan ní Punjab ti Íńdíà. Ibẹ̀ ni Guru Angad, ẹnì kejì nínú àwọn Guru, ìyẹn àwọn olùkọ́ àti aṣáájú ẹ̀sìn Sikh, fìdí kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí Guru Nanak, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Sikh, papò dà lọ́dún 1539.

Kí ló wà nílẹ̀ kó tó dé? Èdè Persia ni ìjọba fi ń kọ ìwé. Àwọn Brahmin, àlùfáà ẹ̀sìn Híńdù, ní èdè Sanskrit tiwọn, wọn kì í sì í fi í kọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn oníṣòwò ló ní Landa, ìkọ̀wé ìṣirò ọjà tí kò ní àmì fáwẹ́lì. Wọ́n máa ń pa ìtàn kan nípa irú ìkọ̀wé oníṣòwò bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kan kọ lẹ́tà sílé pé ọ̀gá òun ti lọ sí ìlú Ajmer, “Ajmer gae”. Àwọn ará ilé kà á sí “aaj mar gae”, pé ọ̀gá kú lónìí, ni ilé bá dàrú fún ẹkún. Ẹni tó ń ka àpò ọkà lè máa lo irú ìkọ̀wé yẹn. Ẹni tó fẹ́ pa orin Guru mọ́ láìṣìnà kò lè gbára lé e.

Ìtàn àwọn Sikh ní Guru Angad ló mú lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, tó tún wọn ṣe, tó fún wọn ní àmì fáwẹ́lì, tó sì tò wọ́n sí 35. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní ṣe ni Landa kàn ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ara ìkọ̀wé Sharada àti Brahmi àtijọ́. Ìran lẹ́tà nìyẹn, kò sọ ẹni tó sọ wọ́n di ìwé fún wa. Àwọn mìíràn ní Guru Nanak ló dá a, nítorí orin rẹ̀ tó ń jẹ́ Patti, tí ẹsẹ 35 rẹ̀ tẹ̀ lé lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo Patti náà dáadáa. Lẹ́tà sassa ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, aira ló parí rẹ̀. Ábídí tí àwọn ọmọdé ń kà báyìí kò rí bẹ́ẹ̀: ura ló ṣíwájú, aira tẹ̀ lé e, iri ṣe ìkẹta, kí sassa tó dé. Ẹnì kan ló tún un tò lẹ́yìn Nanak. Ura tó wá di olórí yìí kan náà ni wọ́n la ẹnu rẹ̀ fi kọ Ik Onkar, Ọlọ́run Ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ ìwé mímọ́ wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ tó mọ ohun tí ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí nìyẹn.

Olùkọ́ sì ni Guru Angad. Ìtàn ní òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní lẹ́tà ní Khadur, tí yóò sì tún kó wọn lọ sí ibi ìjàkadì. Gurdwara, ìyẹn ilé ìjọsìn Sikh, tó ń jẹ́ Mal Akhara wà níbẹ̀ di òní. Mata Khivi, ìyàwó rẹ̀, ló ń bójú tó langar, oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí olówó àti tálákà ń jókòó sílẹ̀ jẹ pọ̀. Guru Granth Sahib, ìwé mímọ́ àwọn Sikh, dárúkọ obìnrin yìí, ó sì yìn ín fún ìrẹsì tó fi wàrà sè, tí òróró bọ́tà ń dán lórí rẹ̀.

Ohun kan wà tí etí Yorùbá yóò tètè gbọ́: Punjabi ní ohùn. Ọ̀rọ̀ wọn fún ẹṣin, adẹ́tẹ̀ àti pàṣán, ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́nu: ìsàlẹ̀ fún ẹṣin, òkè fún adẹ́tẹ̀, àárín fún pàṣán. Wọn kì í fi àmì sórí lẹ́tà bíi tiwa. Lẹ́tà gha ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹṣin, ka ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ pàṣán. Ẹnu ti ń pe méjèèjì ní k tipẹ́, ṣùgbọ́n òǹkàwé tó bá rí gha mọ̀ pé kí òun rẹ ohùn sílẹ̀.

Ìyókù kò ṣòro sọ. Lọ́dún 1604, Guru Arjan ṣe àkójọ ìwé mímọ́ náà, Bhai Gurdas sì fi Gurmukhi kọ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Punjab lọ́dún 1849, wọ́n gbé èdè Urdu wọ ọ́fíìsì àti ilé ẹ̀kọ́. Singh Sabha, ẹgbẹ́ àwọn Sikh kan, dìde ní ìlú Amritsar lọ́dún 1873 láti gbé Punjabi ró. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì lọ́dún 1947; lẹ́tà Shahmukhi, tó jọ ti Lárúbáwá, ni wọ́n ń lò níhà Pakistan. Lẹ́yìn ìwọ́de àti ẹ̀wọ̀n lóríṣiríṣi, ìpínlẹ̀ Punjab tó ń sọ Punjabi dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1966. Àwọn tó sọdá òkun ti kọ́ gurdwara sí London lọ́dún 1911, sí Stockton ní Kalifóníà lọ́dún 1912. Ètò ìkànìyàn 2021 ka nǹkan bí 291,000 ènìyàn ní England àti Wales tí Punjabi jẹ́ olórí èdè wọn, Gurmukhi sì wà lára pátákó ibùdó ọkọ̀ ojú irin Southall.

Èyí tó ń dùn mí ni pé nínú ọ̀pọ̀ gurdwara lókè òkun, lẹ́tà Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ orin sójú tẹlifíṣọ̀n ara ògiri kí àwọn ọmọ lè bá wọn kọ ọ́. Mo mọ ìdí rẹ̀, n kò sì fara mọ́ ọn. T méjì ló wà nínú Gurmukhi, ọ̀kan tí ahọ́n ń kan eyín, ọ̀kan tí ahọ́n ń ká sókè; lẹ́tà Òyìnbó sọ méjèèjì di ọ̀kan ṣoṣo. Ní British Columbia, ní Kánádà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wà tó ń fi Gurmukhi gan-an kọ́ ọmọ ní Punjabi. Kò yẹ kí gurdwara gba ohun tó rẹlẹ̀ sí ìyẹn.