Ta Ni Ó Ń Pinnu Nínú Ìwé Tí Ẹ Rà Fún Ọmọ Yín?

Ọ̀pọ̀ òbí wa tó ń wá ìwé ìtàn fún ọmọ a máa kọ́kọ́ wò bóyá wọ́n ya ọmọ aláwọ̀ dúdú sí iwájú ìwé. Bí wọ́n bá ti rí i, ọkàn wọn a balẹ̀, wọn a sì sanwó. Ìdí wà fún un. Nígbà tí CLPE, àjọ kan tó ń rí sí ìwé kíkà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yẹ ìwé ọmọdé tó jáde níbẹ̀ ní ọdún 2017 wò, nínú ìwé 9,115, 391 péré ni wọ́n ti rí àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Éṣíà tàbí ẹ̀yà kéékèèké mìíràn. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwé, bí ẹyọ kan péré ló sì fi irú wọn ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn. Síbẹ̀, nínú iṣẹ́ yíyan ìwé fún ilé-ìkàwé àwọn ọmọdé tí mò ń ṣe, ohun tí mo máa ń wò ju àwọ̀ lọ ni ipò tí òǹkọ̀wé fi oníkálukú sí: ta ni ó ń ronú, ta ni ó ń pinnu, ta sì ni wọ́n kàn ń pinnu fún?

Ìwé Roald Dahl tó gbajúmọ̀ kárí ayé, Charlie and the Chocolate Factory, jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde ní 1964, ènìyàn dúdú kúkurú ni àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Oompa-Loompa, inú igbó kìjikìji ilẹ̀ Áfíríkà sì ni Willy Wonka, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ náà, ti kó wọn. Inú àpótí ni wọ́n wà sọdá òkun, inú ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ń gbé, hóró kòkó sì ni owó-iṣẹ́ wọn. Àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, NAACP, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wà lára wọn. Nínú àtúntẹ̀ 1973, ara wọn di funfun, ibi tí wọ́n ti wá sì di Loompaland. Ṣùgbọ́n àpótí kò kúrò níbẹ̀, hóró kòkó ṣì ni owó-iṣẹ́, tọmọdé tàgbà wọn sì ṣì ń bá olówó ṣiṣẹ́ tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Àwọ̀ àti ibi tí wọ́n ti wá nìkan ni wọ́n tún ṣe. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ àgbà gbin kòkó ní Oǹdó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ẹni tó dá irú iye bẹ́ẹ̀ lé iṣẹ́ ènìyàn.

Àwọn ìwé tí a ń tẹ̀ nílé náà ní tiwọn, ó sì ń dùn mí jù, nítorí àwa fúnra wa la kọ wọ́n. Ẹ wo iye ìgbà tí opó arúgbó ń di àjẹ́, tí ẹni tó kọlà sójú ń jẹ́ òmùgọ̀, tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò ní orúkọ, tí mẹ́gáàdì sì wà níbẹ̀ kí a lè fi bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín. Babaláwo kan lè jẹ́ ìkà nínú ìtàn kan. Ìkà wà nínú gbogbo iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ka ìwé mẹ́wàá tí kò bá babaláwo rere kan pàdé, tí kò sì gbọ́ pé UNESCO ka Ifá mọ́ ogún tó ṣe iyebíye fún aráyé ní 2005, a ti kọ́ ọ láti kórìíra ohun tí kò mọ̀.

Láti yẹ ìwé wò, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀, kí ẹ sì ka àwòrán nìkan, nítorí bí ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà ṣe ń kà á nìyẹn. Ojú ta ni wọ́n fara balẹ̀ yà, àwọn wo ni wọ́n ya bákan náà bí ẹni pé wọn kì í ṣe ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ṣé ahéré àti kìnnìún nìkan ni Áfíríkà inú ìwé náà ní? Bí ẹ bá rí onílù gángan tí kò mú kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́, ayàwòrán kò bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìtàn náà bí ẹni pé ọmọ dúdú inú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí ohunkóhun kò bá yí padà, wọ́n kàn fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

N kò ní kí ẹ sun ìwé tó lábùkù níná. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè kà á pẹ̀lú yín, kí ẹ máa bi í ohun tí ẹni tí wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú ìtàn náà ìbá sọ. Fún ọmọ tí kò tíì lè bá ìwé jiyàn, ẹ dá ìwé náà padà sórí àtẹ, kí ẹ mú òmíràn.